Àwọn Mọ́tò Tó Ń Paná ní Kọ́nà Wa

Ẹni tó bá fẹ́ rí ìjà mi, kó jí mi lójú oorun. Ọkọ mi mọ̀, àwọn ọmọ mi mọ̀, kódà mo rò pé ajá aládùúgbò wa mọ̀. Aago márùn-ún ìdájí ni mò ń dìde, nítorí Àbẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba, mo sì gbọ́dọ̀ ti dé Old Garage kí èrò tó kún ibẹ̀. Oorun tí mo bá rí sùn láti aago mẹ́wàá alẹ́ sí ìdájí, òun nìkan ni tèmi láyé yìí. Ìyókù ọjọ́ mi, ti ìjọba ni, tàbí ti ọkọ, tàbí ti ọmọ. Ìdí nìyẹn tí inú fi kọ́kọ́ bí mi kí ẹ̀rù tó bà mí, lóru ọjọ́ tí mọ́tò àkọ́kọ́ wọlé.

Ẹ́sítéètì kékeré ni tiwa ní Òṣogbo, òpópónà mẹ́rin péré àti géètì kan. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù. Mi ò du ipò náà o. Wọ́n ní òṣìṣẹ́ ìjọba mọ̀ ọ́n kọ, wọ́n sì dì í rù mí. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ pátákó ẹnu géètì, pé aago mẹ́wàá alẹ́ la ń ti géètì, pé àlejò kankan ò gbọdọ̀ wọlé lẹ́yìn ìgbà náà. Mo kọ ọ́ gàdàgbà, mo fi ọ̀dà pupa fàlà sí i nídìí. Aago méjìlá òru ti kọjá nígbà tí mọ́tò yẹn gba abẹ́ pátákó mi wọlé bí ẹni pé mi ò kọ nǹkan kan síbẹ̀.

Ariwo kọ́ ló jí mi. Mọ́tò tí ò ní nǹkan fi pamọ́ máa ń dún, á tanná, á fọn fèrè kí wọ́n wá ṣílẹ̀kùn fún un. Eléyìí ń bọ̀ jẹ́jẹ́. Bó ṣe dé kọ́nà tó kọjú sí yàrá wa, ó paná, ó pa ẹ́ńjìnnì, ó wá ń fúnra rẹ̀ yí bọ̀ nínú òkùnkùn, títí ó fi dúró síwájú ilé tó dojú kọ tiwa. Taya rẹ̀ ń tẹ òkúta wẹ́wẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Òun ni mo gbọ́.

Ilé Màmá ni. Màmá tí mò ń wí yìí jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ Iléṣà bíi tèmi, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì paraku. Ó fi bí ogún ọdún jù mí lọ, ṣùgbọ́n torí pé ará ilé kan náà ni wá, a máa ń sọ èdè wa síra wa lójú títì, àwọn ọmọ Òṣogbo á sì máa fi wá rẹ́rìn-ín. Òun àti ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń gbé ilé náà, ọmọ tó ti ń sún mọ́ ogójì ọdún, tó ń bá wọn ta oògùn ní ṣọ́ọ̀bù kan nígboro. Màmá ní ọmọkùnrin kan ṣoṣo, ó wà ní Àbújá pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ méjì. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, bí wọ́n bá ti jáde nínú ìsìn, ọmọ yìí á pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù. Màmá á wá sí fáráǹdà, á máa pariwo sínú fóònù bí ẹni tí ọmọ náà wà lódìkejì odò, gbogbo òpópónà wa á sì mọ ohun tí wọ́n jẹ ní Àbújá lánàá.

Oṣù yẹn gan-an ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún Màmá lójú ọ̀tún. Ojú náà ti ṣú tipẹ́, òjìji nìkan ló fi ń rí, òsì náà ò sì sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Dókítà ní iṣẹ́ náà yọrí sí rere, ṣùgbọ́n fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, Màmá ò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀, kò gbọdọ̀ gbẹ́rù, kò gbọdọ̀ fọwọ́ ra ojú, kò sì gbọdọ̀ sunkún. Ó ní bó bá sunkún, ojú náà lè bàjẹ́ pátápátá. Màmá fi ọ̀rọ̀ náà ṣe àwàdà fún gbogbo ẹni tó wá kí i. Ó jókòó ní fáráǹdà pẹ̀lú awò dúdú lójú, ó ní, “Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Dókítà tèmi ò gbọ́ òwe yẹn rí.”

Ta ló wá fẹ́ máa ṣe àbẹ̀wò sọ́dọ̀ ìyá arúgbó tójú ń dùn ní òru ọ̀gànjọ́? Mo fi aṣọ wéra, mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ẹni mẹ́ta sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n fi ọwọ́ méjì ti ilẹ̀kùn mọ́tò pa, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń dé ìkòkò ọbẹ̀ tí ọmọ ń sùn nítòsí rẹ̀. Wọn ò kanlẹ̀kùn. Ọmọbìnrin Màmá ti dúró de wọn, ó sì kó wọn gba ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n lo bíi wákàtí kan. Nígbà tí wọ́n máa lọ, ẹ gbà mí o, wọ́n fọwọ́ ti mọ́tò náà ni! Ọkùnrin méjì ń tì í lẹ́yìn, obìnrin kan ń darí rẹ̀, títí wọ́n fi kọjá kọ́nà kí wọ́n tó ṣáná sí i.

Mo jí ọkọ mi. Ó ní, “Ṣé ilé wa ni wọ́n wọ̀ ni?” Mo ní rárá. Ó ní, “Ó dáa,” ó sì kọjú sógiri. Ọmọ bíbí Òṣogbo ni ọkọ mi, kò sí ohun tó ń kán an lójú láyé. Èmi jókòó sórí ibùsùn títí ilẹ̀ fi mọ́.

Lálẹ́ kejì, mọ́tò méjì ló wá. Lálẹ́ kẹrin, mẹ́ta. Mi ò lè sùn mọ́, torí pé bí wọn ò bá tíì dé, mò ń retí wọn, bí wọ́n bá sì dé, mò ń retí kí wọ́n lọ. Ní ọ́fíìsì, mo kọ ìwé ìpè sí ìpàdé àwọn ọ̀gá wa, mo kọ aago méjìlá òru sí ibi tó yẹ kí n kọ aago méjìlá ọ̀sán. Ọ̀gá mi pè mí, ó fi ìwé náà hàn mí, ó ní, “Mádàámù, ṣé ara ò ni yín ṣá?” Ojú tì mí débi pé mi ò jẹ oúnjẹ ọ̀sán. Bí mo ṣe délé lọ́jọ́ náà, ọ̀dọ̀ mégáàdì ni mo gbà lọ tààrà.

Mégáàdì wa máa ń lu irin ní wákàtí wákàtí lóru, kí a lè mọ̀ pé kò sùn. Mo bi í pé àṣẹ ta ló fi ń ṣí géètì. Ó ní, “Ìyá, ẹ má bínú. Àǹtí ilé iwájú yín ló ní kí n máa ṣí i fún wọn. Wọ́n tún ní kí n má lu irin mọ́ níwájú ilé àwọn, kí Màmá má bàa jí.”

Kí Màmá má bàa jí! Láti ọdún tí mo ti ń gbé ẹ́sítéètì yìí, ìgbèrí mi ni wọ́n ti ń lu irin, kò sẹ́ni tó bi mí léèrè bóyá mo jí tàbí mi ò jí. Mo kọjá sí ilé iwájú. Ọmọbìnrin Màmá wá bá mi lẹ́nu géètì wọn, kò ní kí n wọlé, bẹ́ẹ̀ ó mọ̀ pé kì í ṣe bí a ti ń ṣe sí ara wa nìyẹn. Mo bi í pé ta làwọn àlejò òru. Ó ń wolẹ̀. Ó ní, “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹbí ni wọ́n.” Mo ní ẹbí wo ló ń fọwọ́ ti mọ́tò? Ó ní kí n fara dà á díẹ̀ sí i, ó sì rọra ti géètì mọ́ mi lójú.

Mo padà sílé, mo gbé e sórí Wáàsáàpù àdúgbò. Mi ò ní purọ́, mo fi ata sí i. Mo kọ pé àwọn tí a ò mọ̀ ń wọlé wa lóru láìtanná, mo ní kí oníkálukú ṣọ́ra. Kí n tó gbé fóònù sílẹ̀, èsì ti ń ya lu èsì. Ẹnì kan ní ọmọ Yàhúù ni. Ẹlòmíì ní ajínigbé ni, pé bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, wọ́n á kọ́kọ́ wá mọ ilé. Ìyá kan ní òun ti lálàá rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Alẹ́ tó tẹ̀ lé e ni bọ́ọ̀sì wá. Bọ́ọ̀sì ńlá, ó paná ní kọ́nà bíi tàwọn yòókù. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í já ẹrù: àpótí, àga, fíríìjì, àpò ìwé. Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin mẹ́rin gbé nǹkan gígùn kan jáde, wọ́n fi aṣọ dì í, wọ́n fi okùn so ó lójú mẹ́ta, wọ́n ń gbé e lọ sẹ́yìnkùlé tìṣọ́ratìṣọ́ra. Èmi nìkan kọ́ ló sì rí i, torí pé kí n tó dé Àbẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, gbogbo orí Wáàsáàpù ti gbà pé òkú èèyàn ni.

Alága wa pe ìpàdé pàjáwìrì. Wọ́dà ọgbà ẹ̀wọ̀n tó ti fẹ̀yìn tì ni alága, Mùsùlùmí àtàtà, ọmọ ìgboro Òṣogbo. Ó ṣì máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ dání. Èmi ni mo dìde tí mo ní kí a kọ lẹ́tà sí Màmá gẹ́gẹ́ bí onílé, kí a fún un lọ́jọ́ kan, kí gbogbo ìgbìmọ̀ lọ bá a láàárọ̀ Sátidé kó wá ṣàlàyé lẹ́nu ara rẹ̀ ohun tí wọ́n ń gbé wọ ilé rẹ̀. Mo ní ọmọbìnrin rẹ̀ ń ṣe nǹkan lẹ́yìn rẹ̀, pé ojú tí Màmá ò fi ríran ni ọmọ náà fi ń ṣe ayé. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Inú mi dùn, kí n má tan ara mi. Ó ti pẹ́ tí inú mi ti dùn tó bẹ́ẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Fráídè mo mú lẹ́tà lọ. Ọmọbìnrin náà gbà á, ó kà á dé ibi tí a ti sọ pé a máa bá Màmá fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀, kò kà á tán. Ó fà mí lápá gba ẹ̀gbẹ́ ilé lọ sí kíṣíìnì ẹ̀yìn, ó ti ilẹ̀kùn, ó ṣí omi ẹ̀rọ kí ó máa dún.

Ó ní, “Àǹtí, ẹ̀gbọ́n mi ti kú.”

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n rẹ wo?” Bí ẹni pé ó ní méjì.

Àìsàn ọjọ́ mẹ́ta ni. Ọ̀sẹ̀ kan ó lé díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ìyá rẹ̀ ni, ibà ni wọ́n pè é, kó tó di pé wọ́n gbé e dé ọsibítù, ó ti bọ́. Wọ́n ti sin ín sí Àbújá. Gbogbo ẹbí ní Iléṣà ló ti gbọ́, Màmá nìkan ni kò gbọ́, nítorí bó bá gbọ́, á sunkún, bó bá sì sunkún, ojú lọ. Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni dókítà máa yẹ ojú náà wò. Bí ó bá ti ní ó ti jinná, àwọn àgbà á wá láti Iléṣà ní ìdájí ọjọ́ kejì, wọ́n á tú u fún un bó ṣe yẹ kí a tú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọ kì í dá irú rẹ̀ sọ fún ìyá. Ṣùgbọ́n ta ló gbọ́ pé ọ̀fọ̀ ṣe ni tí á jókòó sílé? Àwọn ẹbí, àwọn ará ìjọ, àwọn tí wọ́n jọ kàwé, gbogbo wọn ló ní àwọn gbọ́dọ̀ wá kí àbúrò òkú. Ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dúró, wọn ò gbà. Ohun tí wọ́n gbà kò ju pé kí wọ́n máa wá nígbà tí Màmá bá ti sùn. Bọ́ọ̀sì ọjọ́ yẹn, ẹrù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kó wá. Nǹkan gígùn tí a rí, kápẹ́ẹ̀tì pálọ̀ rẹ̀ ni.

Mo dúró níbẹ̀, lẹ́tà mi wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ tòmátì. Mo ń sunkún, inú sì ń bí mi lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ní, “Kí ló dé tí o ò sọ fún mi? Èmi tó jẹ́ pé ojúlé sí ojúlé la wà!”

Ó fi etí aṣọ nujú. Ó ní, “Àǹtí, ẹ̀yin lẹ ni Wáàsáàpù.”

Mo gbé lẹ́tà mi kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ tòmátì, mo ká a sápò.

Láàárọ̀ Sátidé, kí aago mẹ́jọ tó lù, mo ti dúró sójú ọ̀nà. Alága ń bọ̀ nínú agbádá, ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún tẹ̀ lé e, wọ́n dojú kọ fáráǹdà tí Màmá ti ń gba atẹ́gùn àárọ̀. Mo ní ara Màmá ò yá. Alága ní òun ń wò ó lọ́ọ̀ọ́kán yẹn. Mo ní kí a sún un síwájú di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó ní, “Ṣebí ìwọ lo mú àbá wá? Ṣé wọ́n ti fún ọ ní nǹkan ni?” Ó ti gbé ẹsẹ̀ kọjá gọ́tà. Mo fà á láṣọ, kí n tó rò ó lẹ́ẹ̀mejì, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ sí i létí.

Ó ṣí fìlà. Ó ní, “Ìnnà lilláhì.” Ó yíjú sí àwọn ìgbìmọ̀, ó ní ọ̀rọ̀ náà ti yanjú, kí wọ́n máa lọ sílé. Ó ṣèlérí fún mi pé inú òun ló kú sí.

Inú rẹ̀ ló kú sí lóòótọ́, àfi ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ní ìyá oníbúrẹ́dì nìkan lòun sọ fún, kó lè bá wọn gbàdúrà. Ìyá oníbúrẹ́dì ń gbé búrẹ́dì dé ojúlé gbogbo. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ìsinmi, gbogbo ẹ́sítéètì ló ti gbọ́, wọ́n sì ti sọ fún ara wọn pé àṣírí ni.

Mo rò pé a ó kúkú sinmi. Àwọn tó ń bẹ̀rù mọ́tò òru ti mọ ohun tó ń gbé e wá, kí ló tún kù? Mo gbàgbé irú èèyàn tí a jẹ́. Ní aago mọ́kànlá alẹ́ Mọ́ńdè, mo gbọ́ sílípáàsì tó ń wọ́lẹ̀ lójú títì. Mo yọjú. Àwọn lánlọ́ọ̀dù wa ni! Àwọn ọkùnrin nínú jálàbíà, àwọn obìnrin pẹ̀lú ìborùn, wọ́n tò bí èèrùn, wọ́n ń lọ kí ọmọ Màmá ní ẹ̀yìnkùlé. Igbákejì alága, tí ilé rẹ̀ ò ju ilé mẹ́rin lọ sí ti Màmá, mọ́tò ló gbé wá. Ó paná ní kọ́nà. Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó ń yí bọ̀. Kò sí alẹ́ tí àlejò pọ̀ tó báyẹn nígbà tí a ń pè wọ́n ní ajínigbé.

Mo jáde sí wọn nínú aṣọ oorun. Mo ní ṣé orí wọn pé? Mo ní bí Màmá bá jí ńkọ́? Wọ́n ń fi ìka sẹ́nu fún mi pé kí n má pariwo. Alága sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, “Ìyá akọ̀wé, a ò lè gbọ́ irú èyí ká dijú. Bí wọ́n bá ní a ò wá ńkọ́?” Ní ojú ọ̀sán náà, wọn ò jẹ́ kí n gbádùn. Wọn ò lè kọjá níwájú fáráǹdà Màmá láìmí kanlẹ̀. Àwọn tí kì í kí i tẹ́lẹ̀ ń dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Ìyá oníbúrẹ́dì ní, “Màmá, Ọlọ́run á tù yín nínú o,” ó rántí, ó ní, “nítorí ojú tó ń dùn yín ni mo ṣe ní bẹ́ẹ̀,” ó sì sá lọ tòun ti igbá. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ju bàtà lù ú.

Nírọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, ọmọbìnrin Màmá pè mí láti ibi iṣẹ́ pé òun máa pẹ́, kí n jọ̀ọ́ bá òun kán oògùn sójú Màmá. Mo lọ. Màmá dá jókòó ní pálọ̀, iná ti lọ, fèrèsé wà ní ṣíṣí. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ mi, ó ní, “Wọlé wá. Ulé rẹ lo wá.” Mo fọwọ́, mo ṣí ìgò oògùn. Ó bọ́ awò, ó gbé orí lé ẹ̀yìn àga.

Ó ní, “Akọ̀wé, èwo nínú yín ló ń wọ́ bàtà nílẹ̀ báyẹn?”

Mo ní, “Bàtà wo, Màmá?”

“Ti òru ìjẹta. Ó kọjá lábẹ́ fèrèsé mi lẹ́ẹ̀mejì. Alága yín ni, àbí? Ẹ ní kó máa gbé ẹsẹ̀, á fi ọmọ ọlọ́mọ sínú wàhálà.”

Ìgò oògùn dúró sí mi lọ́wọ́.

Ó ní, “Mo ti mọ̀, ọmọ mi. Láti ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ tí kò pè ni àyà ti já mi. Àbúrò rẹ̀ ní wọ́n rán an lọ sókè òkun. Ọmọ tí mo bí á lọ sókè òkun, kò ní pè mí kí n gbàdúrà fún un? Mo ní ó dáa. Lóru ọjọ́ kejì ni mo gbọ́ mọ́tò àkọ́kọ́. Mo dùbúlẹ̀, mò ń gbọ́ ohùn àwọn ará ulé wa lẹ́yìnkùlé. Aláàyè wo la máa ń kí lóru?”

Mo ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sunkún.” Omi ti ń bọ́ lójú èmi.

“Ta ló ń sunkún? Ṣé mo sunkún? Èmi ni dókítà bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe àwọn.” Ó di apá àga mú. “Àwọn ọmọ rẹ̀ méjì ń bọ̀ wá gbé lọ́dọ̀ wa. Èyí àbúrò, mi ò tíì rí i rí. Wọ́n gbé e wá lọ́dún tó kọjá, òjìji lásán ni mo rí, mo kàn ń fọwọ́ pa á lórí. Wọ́n ní ó jọ bàbá rẹ̀. Bí mo bá sunkún báyìí, kí ni n ó fi wò ó?”

Mo ní kí n lọ pe ọmọ rẹ̀, kí wọ́n jọ sọ ọ́, kí ẹrù náà lè fúyẹ́ lọ́rùn gbogbo wa. Ó gbá mi lọ́wọ́ mú, ọwọ́ rẹ̀ le.

“O ò gbọdọ̀ sọ fún un. Òun pẹ̀lú pàdánù ẹ̀gbọ́n, kò sì ráyè sunkún nítorí mi. Gbogbo òru ló fi ń ṣọ́ mi. Jẹ́ kó parí iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá wá tú u fún mi, n ó gbọ́ ọ bí ẹni tí kò gbọ́ rí. Kán oògùn náà.”

Mo kán an. Ẹ̀kán kan ṣì bọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, mo sì fi òwú nù ún. Mo padà sílé, ọkọ mi bi mí pé kí ló ṣe ojú mi, mo ní eruku ni. Gbogbo ọ̀sẹ̀ tí mo fi ń ráhùn pé wọn ò jẹ́ kí n sùn, ẹnì kan wà lódìkejì títì tí kò sùn rárá, tí kò sì ráhùn. Mo kórìíra ara mi lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo ti ní òun ni wọ́n ń fi ojú rẹ̀ tí kò ríran ṣe ayé.

Ní Ọjọ́bọ̀, dókítà ní ojú ti jinná. Láàárọ̀ Fráídè, aago mẹ́fà kọjá díẹ̀, àwọn àgbà mẹ́rin dé láti Iléṣà pẹ̀lú àlùfáà ìjọ wọn. Mi ò lọ sí ibi iṣẹ́. Mo dúró sẹ́nu géètì wa. Alága náà wá, àwọn aládùúgbò yòókù ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀. A gbọ́ tí wọ́n kọrin ìsìn kan nínú pálọ̀, ẹsẹ kan péré. A gbọ́ ohùn ọkùnrin kan, jẹ́jẹ́. Ó dákẹ́.

Lẹ́yìn náà ni Màmá ké. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi pé òun á ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ rí, mo sì ti ń retí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè mọ̀ọ́mọ̀ ké báyẹn. Ó pe orúkọ ọmọ rẹ̀. Ó pè é, ó pè é, ó ń sọ pé òun ùyá rẹ̀ ló ń pè é, kó dáhùn. Ohùn ọmọbìnrin rẹ̀ wá dara pọ̀ mọ́ tirẹ̀, gbogbo àwọn tó wà lójú títì sì ń ya wọlé. Èmi di irin géètì wa mú.

Alága dúró tì mí, ó mú fìlà dání, omi ń ṣàn lójú rẹ̀. Ó ní, “Ó ti gbọ́ báyìí.”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ti gbọ́.